Sílíńdà Mẹ́ta Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ẹni tó bá sọ pé Monínúọlá kò lẹ́nu, irọ́ ló pa. Gbogbo Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì ló mọ̀ ọ́n. Bí o bá gbé sílíńdà gáàsì tí ìpẹtà ti jẹ lẹ́nu wá síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó o tó ní "ẹ kú iṣẹ́ o, mà", á ti bi ọ́ bóyá àwọn ará ilé rẹ ti sú ọ ni. Kò ní rọ gáàsì sí i. O lè bẹ̀ ẹ́, o lè bínú, o lè ní ọlọ́pàá ni ẹ̀gbọ́n rẹ; ọ̀nà tó o gbà wá ni yóò fọwọ́ júwe fún ọ. Ṣùgbọ́n bí sílíńdà rẹ bá dára, á kọ́kọ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n ní òfìfo, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára, á rọ ọ́, á tún gbé e sórí òṣùwọ̀n lójú rẹ, á wá fi ìfófòó ọṣẹ pa á lẹ́nu láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó máa béèrè àlàáfíà ìyá rẹ.

Ohun kan tí kì í sì í yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni èènì. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá Monínúọlá fi ta epo pupa ní ọjà Ìgèdè, òun ló sì máa ń sọ ọ́ sọ́mọ létí pé oníbàárà tó bá ra ọjà gidi lọ́wọ́ ẹni, tó lọ láìgba èènì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè padà wá, ọkàn rẹ̀ kò ní í bá a wá. Àmọ́ gáàsì kì í ṣe epo pupa. O ò lè rọ ọ́ kún àkúnwọ́sílẹ̀, nítorí sílíńdà tó bá kún jù, ewu ńlá ni. Ni Monínúọlá bá wá ọgbọ́n tirẹ̀ dá sí i. Ẹni tó bá ra sílíńdà ńlá mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀, á rọ kékeré kan lé e fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ta ló ń ra ńlá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Adó? Bárékè àwọn ṣọ́jà tó wà lójú ọ̀nà Ìjàn ni. Ọgbọ̀n sílíńdà ńlá ni wọ́n ń rà lóṣooṣù, ó sì ti pé ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti ń rà á lọ́wọ́ Monínúọlá. Ọgbọ̀n ńlá, kékeré mẹ́ta lé e. Àwọn kékeré mẹ́ta yìí kì í dé ilé ìdáná ńlá rárá. Ilé ìwòsàn inú bárékè ni wọ́n ń gbé wọn lọ. Òun ni wọ́n fi ń se ògì àárọ̀ fún àwọn aláìsàn, òun náà ni wọ́n fi ń gbé omi kaná fún àwọn ìyàwó ṣọ́jà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Kò sí bí wọ́n ṣe máa gbé nǹkan wọ bárékè tí wọn ò ní í kọ ọ́ sínú ìwé ẹnu géètì. Kọ́pùrà Ọlátúndé, ọmọ bíbí Adó, ló ń kọ ọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ka ọgbọ̀n, ó kọ ọgbọ̀n, ó pa ìwé dé. Monínúọlá bá nàka sí àwọn kékeré.

"Ìwọ̀nyí ńkọ́? O ò ní í kọ wọ́n ni?"

"Háà, Màmá! Ṣebí èènì nìyẹn. Ta ló ń kọ èènì sínú ìwé? Ìyá mi á ṣépè fún mi."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó ṣí géètì. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún ọdún mẹ́jọ gbáko nìyẹn. Kò sí ẹyọ ìwé kan láyé yìí tó mọ̀ pé ilé ìwòsàn náà ń lo gáàsì.

Ẹ̀yin náà ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù Kejì, Sájẹ́ǹtì Akínbọ́lá dé sí ṣọ́ọ̀bù. Akínbọ́lá, ọmọ Ìjàn, ni ọ̀gá àwọn tó ń dáná ní bárékè, èèyàn ńlá tí ohùn rẹ̀ kéré. Ọjọ́ yẹn, ohùn náà tún kéré sí i.

"Màmá, ẹ jókòó ná."

"Ìgbà wo lo di ẹni tó ń fún mi lága nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Ó jókòó. Akínbọ́lá wá là á sílẹ̀ fún un pé lẹ́tà ti dé láti Àbújá. Láti oṣù Keje lọ, ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò máa ra gáàsì fún gbogbo bárékè Nàìjíríà, lójú kan, lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Bárékè kankan kò gbọ́dọ̀ dá rà mọ́. Wọ́n ní àwọn kan ń rà á lọ́wọ̀ọ́n, wọ́n ní ti àwọn kan kì í pé ìwọ̀n, ó sì ti sú ìjọba.

Èyí tó wá dun Monínúọlá jù ni pé ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Òun náà ti rí àwọn tó ń fi òṣùwọ̀n yan èèyàn jẹ. Ṣùgbọ́n ìdajì ọjà rẹ̀ ni bárékè yẹn. Lọ́dún tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ri táǹkì ńlá tuntun mọ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù nítorí wọn, ó sì gba òṣìṣẹ́ méjì, baálé ilé ni àwọn méjèèjì. Bí bárékè bá lọ, kí ni yóò sọ fún wọn? Ó kàn ń fi etí aṣọ nu òṣùwọ̀n tí kò ní ìdọ̀tí lára.

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

Akínbọ́lá fa fọ́ọ̀mù kan yọ. Àbújá fẹ́ mọ bí gáàsì tí bárékè kọ̀ọ̀kan ń sun lóṣù ṣe pọ̀ tó, kí wọ́n lè mọ iye tí wọn yóò rà. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ, Màmá. Ẹ bá mi wò ó bóyá mo kọ ọ́ dáadáa. Ọ̀la ni mo máa fi ránṣẹ́."

Àbí ẹ ò rí ayé! Ẹni tí wọ́n fẹ́ já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n ní kó wá bá wọn ka òkèlè. Monínúọlá gba fọ́ọ̀mù, ó wò ó. *Sílíńdà ńlá, ọgbọ̀n.* Ó wò ó títí dé ìsàlẹ̀. Kò sí kékeré mẹ́ta. Akínbọ́lá ti gbàgbé, torí inú ìwé géètì ló ti da iye náà kọ, ìwé géètì kò sì mọ èènì.

"Fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi," ló ní. "Màá gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fi fọ́ọ̀mù náà han Pẹ̀lúmi, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé gíga kan ní Ìgèdè. Pẹ̀lúmi kà á lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ tàn.

"Màámi, Ọlọ́run ló bá wa ṣe é yìí! Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n á fi ọgbọ̀n ránṣẹ́ láti Àbújá, ilé ìwòsàn á tutù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á rí i pé ọ̀rọ̀ Àbújá yìí kò lè ṣiṣẹ́, wọ́n á sáré padà wá bá yín."

"Àwọn aláìsàn ńkọ́?"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ fọ́ọ̀mù ni? Sájẹ́ǹtì ló kọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá sì lanu sọ ọ́, ẹ ti fẹnu ara yín jẹ́wọ́ pé ọdún mẹ́jọ lẹ fi kó ẹrù wọ bárékè láìkọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ṣọ́jà nìyẹn o, Màámi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Ọmọ náà kò parọ́. Ohun tó ń bí ìyá nínú náà nìyẹn. Monínúọlá jẹun díẹ̀, ó dá ìyókù padà sínú ìkòkò. Ó rántí ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ tó fúnra rẹ̀ gbé sílíńdà kékeré wọ ilé ìwòsàn yẹn, tí ìyá ọlọ́mọ tuntun kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tó fi ìró wé ọmọ mọ́ àyà, tó ń dúró de omi gbígbóná. Nígbà tí iná ràn, obìnrin náà kúnlẹ̀ tọmọtọmọ, ó ní "Màmá, ẹ ṣeun." Òun tí èèyàn sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ṣé òun náà ni yóò máa retí kí ilé ìwòsàn tutù kí ọjà òun lè tà? Ó tẹnu mọ́ ọn fún ara rẹ̀ pé ìwà burúkú ni, ó sì tún tẹnu mọ́ ọn pé táǹkì tuntun kì í jẹ ìwà. Bó ṣe ń bá ara rẹ̀ jà nìyẹn títí oorun fi gbé e lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú bírò, ó kọ ọ́ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ Akínbọ́lá: *Sílíńdà kékeré mẹ́ta, fún ilé ìwòsàn. Wọn ò rà á. Èènì ni.* Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó gbé e lọ sí bárékè.

Akínbọ́lá kà á, ó dọwọ́ bo orí. "Màmá, ẹ ti pa mí."

"N ò tíì pa ẹ́. Bí mo bá pa ẹ́, ta ni yóò bá mi ru sílíńdà oṣù yìí? Fi ránṣẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Àbújá rán èèyàn wá. Méjọ̀ Òkìkíọlá ni wọ́n ń pè é, obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í ṣẹ́jú, tí bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé ìwé géètì ọdún mẹ́jọ wá. Kọ́pùrà Ọlátúndé kó wọn wá, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó dúró gbagidi, òógùn ń kán lágbárí rẹ̀ lábẹ́ fáànù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ránṣẹ́ pe Monínúọlá. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ìpàdé àdúrà, nítorí ó ti ní i lọ́kàn pé bí wọ́n bá máa ti òun mọ́lé, kí wọ́n ti òun mọ́lé nínú aṣọ tó dáa.

"Ẹ jókòó, mà," ni Méjọ̀ wí. Ó fi fọ́ọ̀mù hàn án. "Mo ti ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú fọ́ọ̀mù yìí. Níbi tó pọ̀, ohun tí wọ́n rà máa ń ju ohun tí wọ́n sun lọ. Ìyẹn yé mi. Mo mọ ibi tí ìyókù ń gbà lọ. Ibí nìkan ni mo ti rí i pé wọ́n ń sun ju ohun tí wọ́n rà lọ. Gáàsì tí ẹnikẹ́ni kò rà, tí kò sí nínú ìwé, ọdún mẹ́jọ. Kí lẹ ń fi í wá nínú bárékè? Ta lẹ ń fún ní rìbá?"

Monínúọlá ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́ nínú ọkọ̀ pé òun á fara balẹ̀, òun á fi Yorùbá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rìbá ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Èkìtì ni ẹnu rẹ̀ padà sí.

"Rìbá kẹ̀? Uṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo í jẹ! Ògì aláìsàn ni rìbá? Omi ìwẹ̀ ọmọ ìkókó ni rìbá?" Ó mí kanlẹ̀, ó wá ohùn rẹ̀ padà. "Ọ̀gá, ìyá mi ló kọ́ mi. Ẹni tó bá rajà púpọ̀ gbọ́dọ̀ gba èènì. Ṣé tí ìjọba bá rajà, èèyàn kọ́ ló rà á ni?"

"Èènì," ni Méjọ̀ wí wúyẹ́wúyẹ́. "Fún ológun." Ó yíjú sí Ọlátúndé. "Ìwọ náà kò sì kọ ọ́."

"Èènì ni, mà," ni Ọlátúndé dáhùn. "A kì í kọ ọ́, mà."

Méjọ̀ tún wo fọ́ọ̀mù náà.

"Lẹ́tà tiwa ló fẹ́ gba ọjà yìí lọ́wọ́ yín. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹ dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ ọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gba ọjà mi," ni Monínúọlá fèsì. "Aláìsàn kọ́ ló gbà á."

Méjọ̀ pa ìwé géètì dé. Ó dìde, ó ní kí wọ́n mú òun lọ wo ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì náà.

Ní Òkè-Ìlá, ó wo táǹkì, ó wo òṣùwọ̀n, ó gbé òkúta ìwọ̀n tirẹ̀ lé e láti mọ̀ bóyá ó ń purọ́. Kò purọ́. Ibi tí wọ́n dúró sí ni wọ́n wà nígbà tí dírẹ́bà Méjọ̀, ṣọ́jà ni òun náà, sọ̀ kalẹ̀ tòun ti sílíńdà kékeré kan láti búùtù ọkọ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun rọ ọ́, ọ̀nà Àbújá jìn, àwọn máa dáná lọ́nà. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ti ń na ọwọ́ gbà á. Monínúọlá tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀kan péré.

"Gbé e padà. Ẹnu rẹ̀ ti jẹ."

"Màmá, ọkọ̀ ológun ni a fi gbé e wá o."

"Ṣé iná máa ń kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn kó tó jó o ni? Gbé e padà!"

Àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì ń wolẹ̀. Pẹ̀lúmi, tó ti sáré dé láti ilé ìwé, fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá rẹ̀ ti lé ọmọ ogun Nàìjíríà jáde lójú ọ̀gá rẹ̀! Àfi bí Méjọ̀ Òkìkíọlá ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òṣùwọ̀n mú.

"Ẹ gbọ́, mà," ló wí nígbà tó gba ara rẹ̀ sílẹ̀. "Ohun tí Àbújá ti sọ, ó ti sọ ọ́. Láti oṣù Keje, ẹ ò ní í ta gáàsì fún bárékè mọ́. Mi ò lè yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá tó máa gbé gáàsì wá kò rí ibi já a sí ní Èkìtì. A ń wá ilé kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí yóò máa gbà á, tí yóò máa wọ̀n ọ́n, tí yóò máa pín in fún wa. Ìkéde rẹ̀ ti jáde láti oṣù tó kọjá. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni yóò parí."

"Àwa ò gbọ́ o!"

"Mo mọ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà. Mi ò lè ṣèlérí kankan, mi ò sì ní í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nítorí yín. Àmọ́ kò sófin tó ní kí n má sọ fún yín pé ó wà." Ó wọkọ̀, ó lọ.

Pẹ̀lúmi fi Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ kọ gbogbo rẹ̀. Ó ya àwòrán táǹkì, ó ya òṣùwọ̀n, ó ya ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń fajú ro sí sílíńdà ẹlẹ́ni-ẹlẹ́ni. "Màámi, ẹ rẹ́rìn-ín!" "Ṣé ẹ̀rín ni wọ́n fẹ́ fi wọn gáàsì?" Bí wọ́n ṣe fi í ránṣẹ́ nìyẹn, ìyá fajú ro.

Ẹ gbà mí, ìdúró kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Oṣù Kẹrin kọjá, kò sóhun tó jọ èsì. Oṣù Karùn-ún, ọ̀kan nínú òṣìṣẹ́ méjèèjì wá sọ pé òun ti rí ibòmíì tí wọ́n fẹ́ gba òun sí, Monínúọlá sì bẹ̀ ẹ́, òun tí kì í bẹ èèyàn, pé kó fún òun ní oṣù kan sí i. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn. Ó bá Ọlọ́run jiyàn níbẹ̀, kò fi bò fún un. Ó ní òótọ́ lòun sọ o, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òótọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ sí òun lọ́rùn.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹfà, Pẹ̀lúmi pè é lórí fóònù láti ilé ìwé. Kò lè sọ̀rọ̀, igbe ló kàn ń ké. Monínúọlá kọ́kọ́ rò pé èèyàn kú. "Wọ́n ti mú yín, Màámi! Wọ́n mú yín!" Monínúọlá jókòó sórí sílíńdà tó sún mọ́ ọn jù, ó sì sunkún ayọ̀ níwájú àwọn oníbàárà, kò bìkítà.

Nínú lẹ́tà tí wọ́n fi mú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kó máa pín gáàsì ní Èkìtì, wọ́n to iye tí bárékè ojú ọ̀nà Ìjàn yóò máa gbà: ńlá ọgbọ̀n, àti kékeré mẹ́ta fún ilé ìwòsàn. Ó ka ìlà kejì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé gáàsì ìjọba ni gbogbo rẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun lé e ju èyí tó wà nínú ìwé lọ. Ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tó di oṣù Keje, ọkọ̀ ńlá dé, wọ́n já gáàsì sínú táǹkì tuntun, ó pé. Akínbọ́lá wá kó tirẹ̀. Monínúọlá wọn ọgbọ̀n, ó wọn mẹ́ta, ó fi ọṣẹ pa gbogbo wọn lẹ́nu, Akínbọ́lá kó wọn sọ́kọ̀. Ó parí. Akínbọ́lá ò lọ.

"Kí lo tún dúró ṣe?"

"Mi ò mọ̀, Màmá." Sájẹ́ǹtì fọwọ́ họ orí. "Ẹsẹ̀ mi ló dúró. Ó ṣe mí bíi pé nǹkan kan ṣẹ́ kù."

"Kò sóhun tó ṣẹ́ kù. Máa lọ."

Bó ṣe lé e lọ tán ni ọwọ́ òun náà ń yún un. Láti kékeré, kò tíì wọn ọjà tó pọ̀ tó yẹn rí kó má fi nǹkan kan lé e.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Monínúọlá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú géètì bárékè. Kúlà ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwo àkàrà gbígbóná wà lórí rẹ̀. Kọ́pùrà Ọlátúndé ló wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí Méjọ̀ ti wá, Ọlátúndé ti di ẹlòmíì. Kò sí ohun tó ń wọlé tí kò kọ: ìgbálẹ̀, ìyọ̀, àní ewúrẹ́ kan tó ṣìnà wọlé, ó kọ ọ́.

"Màmá, ẹ kú àárọ̀ o. Kí lẹ gbé dání?"

"Ògì. Àti àkàrà. Fún àwọn tó wà nílé ìwòsàn."

Ó ṣí ìwé. "Ta ló rà á?"

"Kò sẹ́ni tó rà á."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé e wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ wàhálà mọ́. Ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí lẹ́tà sọ."

"Gáàsì ni lẹ́tà sọ. Ṣé o rí gáàsì lọ́wọ́ mi?"

Ọlátúndé wo kúlà. Ó wo ìwé. Ó na bírò dání, kò mọ ibi tó máa gbé e lé. "Kí ni kí n wá kọ?"

"Kọ ọ́ pé èènì."

Ọlátúndé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kọ ọ́. Ó kọ ọ́ gàdàgbà, ó kọ déètì sí i, ó kọ orúkọ Monínúọlá síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí géètì fún un.